Bí Mo Ṣe Fi Gééjì Tuntun Sójú Píkọ́ọ̀pù Bàbá Mi ní Ṣàgámù

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù ni, irú ọkọ̀ tí àwọn ará Rẹ́mọ mọ̀ dáadáa, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò fi ń kó gbàǹja láti oko wá sí Sábó Ṣàgámù nígbà tí a ṣì wà ní kékeré. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé; píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1979. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní ọdún 1975, ìdí nìyẹn tí kò fi sí mẹkáníìkì àgbà kan ní ìlú wa tí kò mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi fa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, kílómítà nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ohun tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ epo ti kú sí ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ ooru kì í gbéra rárá, iná pupa tó yẹ kó kìlọ̀ nípa ọ́ìlì sì ti jó láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Bàbá mi kò ka èyí sí ìṣòro. Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀ tó ń kọ iye kílómítà sí ní gbogbo ìgbà tó bá ra epo, ìwé yẹn ló sì fi ń mọ ìgbà tí epo fẹ́ tán.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀ pẹ̀lú ẹrù gbàǹja. Mo ti kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò sì tíì dé Odògbolú, nígbà tí òórùn omi rédíétọ̀ gba inú ọkọ̀ kan. Kí n tó rí ibi tí mo lè yà sí, ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́. Rọ́bà kékeré kan ló là, tí omi fi ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbéra, kò sì sí abẹ́rẹ́ kankan níwájú mi tó lè sọ ọ́. Aluminiọ̀mù ni wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì 504 yìí. Bí ooru bá ti pọ̀ jù fún un, ńṣe ló máa ń tẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì jó. Bó ṣe rí fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Owó tí mo ná láti fá orí ẹ́ńjìnnì náà kó tẹ́jú, láti ra gáskẹ́ẹ̀tì àti láti san owó iṣẹ́, tó láti ra gééjì mẹ́rin, ìyẹn àwọn ojú abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe wà, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì pọ̀ tán ni mo pinnu pé ọkọ̀ náà kò ní jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn mọ́ láìjẹ́ pé mo lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún náírà, ₦120,000, ni mo yà sọ́tọ̀ fún un. Mo kọ́kọ́ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin láti wá dáṣíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ tó pé, ṣùgbọ́n èyí tí mo rí kò sàn ju tiwa lọ, nítorí ìpáàrà ti jẹ ojú ọ̀nà iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà mo ra gééjì kéékèèké mẹ́rin: ti ooru omi, ti agbára ọ́ìlì, ti epo, àti ti fọ́ltì bátìrì. Ìwọ̀n mìlímítà 52 ni ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lọ́la, òmíràn á wọ inú ihò kan náà. Mi ò fọwọ́ kan kílómítà àtijọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, gbogbo ọ̀nà tí bàbá mi ti rìn sì wà nínú òǹkà rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ ṣáájú ohunkóhun ni pé gééjì oníná kì í wọn epo, kì í sì í wọn ooru. Iná tó gba inú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó wà nínú táńkì tàbí lára ẹ́ńjìnnì, kọjá ló ń wọn. Sẹ́ńsọ̀ ló ń dí iná náà lọ́nà, bó bá dí i púpọ̀ tàbí díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ á fi mọ ibi tí yóò dúró sí, óòmù ni wọ́n sì fi ń ka ìdílọ́nà yìí. Bí gééjì àti sẹ́ńsọ̀ kò bá gbọ́ èdè ara wọn, abẹ́rẹ́ á parọ́. Ọ̀pọ̀ gééjì epo tí wọ́n ń tà káàkiri ń retí 240 óòmù nígbà tí táńkì bá ṣófo, àti 33 nígbà tó bá kún. Ti ọkọ̀ GM àtijọ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ 0 ní òfìfo àti 90 ní kíkún. Ilé iṣẹ́ VDO ti Jámánì ní oríṣi kan tó ń lọ láti 10 sí 180. Ẹni tó bá so gééjì oní-240 mọ́ fulótà oní-0 (fulótà ni sẹ́ńsọ̀ inú táńkì, tí apá rẹ̀ ń léfòó lórí epo), táńkì rẹ̀ á ṣófo, gééjì rẹ̀ á sì máa sọ fún un pé ó kún.

Nítorí náà, kí n tó san owó, mo ti yọ fulótà àtijọ́ kúrò nínú táńkì, mo gbé tẹ́sítà lé e, mo sì ń gbé apá rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà tó ń hàn ń fò, nígbà mìíràn kò sì sí nọ́ńbà rárá, èyí tó fi hàn pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ti jẹ. Mo ra fulótà tuntun tó bá gééjì mu, irú èyí tí a lè gé apá rẹ̀. Wọ́n máa ń to irú rẹ̀ kí ibi tí apá ti ń tẹ̀ wà ní ìdajì jíjìn táńkì. Bí táńkì bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà 24, ibi náà gbọ́dọ̀ wà ní 12, kí fulótà lè kan òkè àti ìsàlẹ̀ láìha ara táńkì. Ìdérí rẹ̀ kò bá ihò táńkì wa mu, nítorí náà alágbẹ̀dẹ kan bá mi so ara fulótà tuntun mọ́ ìdérí àtijọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ṣe é, táńkì kò sí nítòsí. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí pé kó má ṣe gbé iná súnmọ́ táńkì epo, kó má sì ṣe gbé iná bátìrì lé fulótà ní tààrà. Inú gééjì ni iná gbọ́dọ̀ gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ooru àti ti ọ́ìlì wà nínú páálí gééjì, ṣùgbọ́n ẹnu wọn tó ní ìlà kò bá ihò ara ẹ́ńjìnnì mu. Ọkùnrin kan tó ń lo ẹ̀rọ léèdì ní ìlú wa bá mi fi idẹ ṣe àwọn ìsopọ̀ kéékèèké fún un, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú sẹ́ńsọ̀ oníwáyà kan báyìí, ara ẹ́ńjìnnì ni iná rẹ̀ ń gbà padà, nípasẹ̀ ìlà ẹnu rẹ̀ yẹn gan-an. Bí ènìyàn bá wé téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà mọ́ ọn nípọn kí omi má baà jò, ó lè dí ojú ọ̀nà iná, kí abẹ́rẹ́ sì máa gbọ̀n. Ní ti ọ́ìlì, mo fi ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sí i, kí iná pupa àtijọ́ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gééjì tuntun. Gééjì dára fún ẹni tó bá ń wò ó, ṣùgbọ́n iná pupa máa ń pe ẹni tí kò wò ó.

Páànù tí mo to gééjì náà sí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò ná mi ní ohun púpọ̀. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé aluminiọ̀mù ní àjákù ní ṣọ́ọ̀bù wọn, mo sì ra èyí tó nípọn ní mìlímítà méjì. Mo kọ́kọ́ gé páálí bí àwòṣe, mo gbé e sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo jókòó sí ibi tí mo máa ń jókòó sí, mo wo bóyá ọwọ́ sítíárìn kò bo ohunkóhun, kí n tó fi ayùn roboto oní-52 tí a ń fi sẹ́nu dírílì lu ihò. Gbogbo gééjì náà ni mo yí nínú ihò wọn títí abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń nàró sókè nígbà tí nǹkan bá wà bó ṣe yẹ. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kò ní láti ka nọ́ńbà. Èyí tó bá wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ rí.

Mo tú ẹnu òdì bátìrì kí n tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Iná gééjì wá láti ara ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ láti tan ọkọ̀, ó gba inú fúùsì 5 áḿpìà kọjá. Ti gílóòbù ojú wọn wá láti ara iná kékeré iwájú ọkọ̀. Mo fi rọ́bà roboto sí ihò tí wáyà gbà bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ẹnu páànù má baà bẹ́ ẹ. Wáyà ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo lò fún gééjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ha ọ̀dà kúrò níbi tí ó ti so mọ́ ara ọkọ̀ títí irin fi funfun.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba inú mi jẹ́ ni iná pupa bátìrì. Gílóòbù àtijọ́ ti dúdú, mo sì fi gílóòbù LED kékeré rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ó mọ́lẹ̀, kì í sì í tètè jó. Mo gbé ọkọ̀ jáde lọ sí Ògèrè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí bátìrì bá kún tó sì wà ní ìsinmi, 12.6 fọ́ltì ló máa ń fi hàn; nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí ọ́tánétọ̀ sì ń gbá iná sí i, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Gééjì tuntun mi ń fi 12.4 hàn, nígbà tí mo tan iná iwájú ó wá sí 12.1, ó sì ń lọ sílẹ̀ síi. Mo rò pé gééjì ló ń parọ́. Mo yí padà sílé pẹ̀lú ìfòyà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọkọ̀ kò lè gbéra.

Mo lọ bá bàbá oníwáyà kan tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó dáyé. Kò fọwọ́ kan ọ́tánétọ̀ rárá. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lo yí padà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù?" Mo sọ fún un. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé gílóòbù pupa yẹn kì í ṣe fún ìkìlọ̀ nìkan. Inú rẹ̀ ni iná díẹ̀ ń gbà lọ sínú ọ́tánétọ̀ láti jí i kó tó lè máa gbá iná fúnra rẹ̀. Gílóòbù onírin oníwáàtì mẹ́ta ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdámẹ́rin áḿpìà kọjá, LED kì í sì í jẹ́ kí ohun tó tó nǹkan kọjá. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ni mo sọ, mo sì dá gílóòbù lásán padà síbẹ̀. Bí mo ṣe tan ẹ́ńjìnnì, abẹ́rẹ́ fọ́ltì gbéra lọ sí 14.1, ó dúró síbẹ̀. Gééjì tí mo fẹ̀sùn irọ́ kàn ni ó ti ń sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo fi fóònù tó ń gba àmì sátẹ́láìtì yẹ kílómítà àtijọ́ wò lójú ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà ní 80, fóònù á sọ pé 74. Kò dùn mí. Òfin tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń tẹ̀ lé kò gbà kí kílómítà sọ pé eré kéré ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ó gbà kó fi díẹ̀ lé e.

Ohun kan tún wà nípa abẹ́rẹ́ ooru tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Inú omi ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Bí omi bá tán pátápátá, afẹ́fẹ́ ni yóò yí i ká, abẹ́rẹ́ sì lè wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jó lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ tó gòkè, tó sì já wálẹ̀ lójijì, kò mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí mo ṣírò gbogbo owó tí mo ná, ₦111,000 ni. Fulótà àti àwọn ìsopọ̀ idẹ nìkan gba ogún ẹgbẹ̀rún nínú rẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan lórí wọn.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbé bàbá mi lọ sí Ìpẹru. Wọ́n ní kí n sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn, mo sì sọ ọ́. Nígbà tí a gun òkè kan, abẹ́rẹ́ ooru kúrò ní 85, ó dé 92, ó sì padà sí 85 nígbà tí a dé orí rẹ̀. Bàbá mi ń wò ó láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó yá wọ́n bi mí pé, "Ṣé bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyí ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wà á?" Mo dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a yà sí ilé epo. Bí epo ṣe ń wọlé, abẹ́rẹ́ tuntun ń gòkè títí ó fi kan ibi tí wọ́n kọ F sí. Bàbá mi wò ó dáadáa, wọ́n ṣí àpótí iwájú ọkọ̀, wọ́n mú ìwé kékeré wọn jáde, wọ́n sì kọ iye kílómítà sílẹ̀.