Líǹkì tí kò dé ibi tó ń lọ

Adó-Èkìtì, alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Mẹkáníìkì kan pè mí láti Ìjerò láàárọ̀ yìí. "Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo tẹ ibi tí ẹ ní kí n tẹ̀, kò lọ." Ó ti tú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, bíárìǹ ti jẹ, àwọn obìnrin sì ti bó ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ dè é. Nínú ìwé àtúnṣe tí mo ṣe, líǹkì kan wà tó yẹ kó ṣí PDF mìíràn, ìyẹn ìwé àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ, kó lè rí nọ́ńbà bíárìǹ náà. Mo ka nọ́ńbà ọ̀hún fún un lórí fóònù. Ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà náà.

Mo kọ́kọ́ fura sí lẹ́tà D, ìyẹn lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà mi fi ń pe fláàṣì. Mo ti so líǹkì mọ́ D lórí kọ̀ǹpútà mi rí, fláàṣì dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ó di E. Ṣùgbọ́n mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn: inú fódà kan náà ni gbogbo ìwé náà ń gbé báyìí, ibi tí fáìlì fúnra rẹ̀ wà sì ni líǹkì ti ń wá èkejì.

Orúkọ ló fa á. "Ìwé-Ẹ̀yà.pdf" ni mo pè é, tàmìtàmì. Nínú kọ̀ǹpútà, Ẹ̀ yẹn lè jẹ́ ege méjì: Ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tirẹ̀, àti àmì ohùn. Ó sì lè jẹ́ mẹ́ta: E, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn. Ojú ènìyàn ò lè yà wọ́n. Àbúrò tó ń bá mi ṣiṣẹ́ tún orúkọ náà tẹ̀ láti orí kíbọ́ọ̀dù mìíràn nígbà tó ń ṣẹ̀dà fún oníbàárà. Ege méjì ló wà nínú líǹkì, mẹ́ta ló wà lára fáìlì, kọ̀ǹpútà sì kà wọ́n sí orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ rárá. Yorùbá tó péye ló kọ. Mo ti sọ ọ́ di iwe-eya.pdf, ó sì dùn mí. Nínú ìwé gan-an, àmì kankan ò ní kúrò. Ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí èyí tó burú jù. Nọ́ńbà ojú ìwé ni mo so àwọn líǹkì mọ́, mo sì ti fi ojú ìwé méjì kún ìwé ẹ̀yà láìpẹ́ yìí. Ká ní ó tilẹ̀ ṣí fún un, ojú ìwé bẹ́líìtì ni ì bá balẹ̀ sí. PDF gbà kí á fún ibi kan lórúkọ, kí líǹkì máa wá orúkọ náà níbikíbi tó bá sún sí. Mo mọ̀, mo kàn ń sún un síwájú ni.

Líǹkì 41. Èmi àti àbúrò tẹ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí iná tó lọ. Ó ku 6. Bí iná bá dé lóru, màá dìde parí wọn, nítorí mo fẹ́ gbé fláàṣì náà lọ sí Ìjerò fúnra mi ní Sátidé, kí n sì dúró ti mẹkáníìkì náà nígbà tó bá ń tẹ líǹkì.