Ẹ má fi ẹ̀rí ìyá nìkan dá ẹjọ́ erin

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ nípa ẹfolúṣọ̀n, bí wọ́n bá gbé imí erin tó ti gbẹ lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ wá DNA jáde nínú rẹ̀, DNA mitochondria (àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń pèsè agbára nínú sẹ́ẹ̀lì) ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ̀dà méjì péré ni DNA inú nucleus, ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú DNA wa wà, tó ti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá wá, ní nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Ti mitochondria lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kí oòrùn pa á, kí kòkòrò jẹ ẹ́, díẹ̀ á ṣì ṣẹ́ kù tó ṣeé kà. Ó kúrú (ti ènìyàn jẹ́ lẹ́tà 16,569), ó sì ń tètè yí padà, tó fi jẹ́ pé ìdílé tó yapa láìpẹ́ pàápàá ti ní àmì tirẹ̀. Ìyá nìkan ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Cann, Stoneking àti Wilson gbà ní 1987 tí wọ́n fi tọ ìran ènìyàn 147 dé ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 200,000 sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Erin ló là mí lójú.

Erin igbó, irú èyí tó kù ní igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, yàtọ̀ sí erin ọ̀dàn. Síbẹ̀, àwọn erin ọ̀dàn kan wà tó jẹ́ pé mitochondria erin igbó ló wà lára wọn, àwọn kan sì tìtorí rẹ̀ sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ní 2001, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Roca àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ DNA inú nucleus wò: ìyàtọ̀ náà jinlẹ̀ gan-an. Abo erin kì í fi agbo ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Akọ ló ń rìn kiri. Akọ erin ọ̀dàn, tó tóbi ju ti igbó lọ, ń gun abo erin igbó níbi tí ilẹ̀ wọn ti pàdé. Ọmọ wọn tó jẹ́ abo dàgbà, akọ ọ̀dàn mìíràn tún gùn ún, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran. Nígbà tó yá, nucleus ti di ti ọ̀dàn pátápátá, ara erin náà sì di ti ọ̀dàn láti ìrù dé ọwọ́jà, àmọ́ mitochondria ìyá ńlá wọn ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ń kọ ìwé tí ẹ fi ń tọrọ owó iṣẹ́ ìwádìí ni kí ẹ ti fi owó àyẹ̀wò nucleus sí i. Ẹ̀mí erin wà lórí rẹ̀: ìgbà tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ka àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àkúrun, ya méjèèjì sọ́tọ̀ ní 2021 ló tó hàn pé ewu àkúrun tó wà lórí erin igbó ju ti ọ̀dàn lọ.