Hámọ́ọ̀kì fún ẹni kékeré: ẹ dín aṣọ kù, ẹ fi gígùn sílẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì, ọwọ́ alẹ́

Ìgbà ìwọ́wé ti wọlé ní àríwá Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ewé ti ń pọ́n lórí òkè, àwọn tó máa ń pàgọ́ lójú ọ̀nà Appalachian, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí òkè, sì ti ń gbọn eruku kúrò lára àpò ẹ̀yìn wọn. Òkè Springer tí ọ̀nà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sí Atlanta, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ohun tó wà lọ́kàn mi lálẹ́ yìí ni hámọ́ọ̀kì, ibùsùn aláṣọ tí a ń so rọ̀ sáàárín igi méjì, àti bí ẹni tí ara rẹ̀ kéré ṣe yẹ kó yàn án. Ẹni tí mo ní lọ́kàn ga ní mítà 1.55, ó sì wọn kílò 50. Ìyá ọmọ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àbúrò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gbà ṣì í rà. Nínú ti àkọ́kọ́, á wo ara rẹ̀, á ní kékeré ló yẹ òun, á lọ ra èyí tó kúrú jù lọ tó sì fúyẹ́ jù lọ lórí àtẹ: mítà 2.6 ní gígùn, 1.2 ní ìbú. Nínú ti ìkejì, ọ̀rẹ́ kan tó ga bí ọ̀pẹ á sọ fún un pé kó ra irú èyí tí òun ń lò, mítà 3.35. Ti àkọ́kọ́ á mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ di àárọ̀. Ti ìkejì á jẹ́ kó máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ gun òkè.

Ọ̀rọ̀ gígùn yìí ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú. A kì í nà gbọọrọ láàárín hámọ́ọ̀kì láti ìdí okùn kan dé ìdí okùn kejì. Ìdábùú ni a ń sùn ún: orí á yà díẹ̀ sí òsì, ẹsẹ̀ á yà sí ọ̀tún, tàbí kí ó yí padà. Bí ara bá ti dábùú, aṣọ á tẹ́, ẹ̀yìn náà á sì tẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ará Ceará ní àríwá ìlà oòrùn Brazil, tí wọ́n ń pè é ní rede tí wọ́n sì ń sùn sínú rẹ̀ nílé, ìdábùú ni wọ́n ń sùn ún. Aṣọ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lókè orí àti nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ kí ìdábùú tó ṣeé ṣe. Ẹ fi nǹkan bí mítà 1.2 sí 1.3 kún gíga ẹni tó fẹ́ sùn. Fún ẹni mítà 1.55, ó di 2.75 sí 2.85. Bí ó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, aṣọ á fún ejìká pọ̀, orúnkún á máa tẹ̀ sẹ́yìn, ibì kan nínú aṣọ á sì le gbọnrangandan lábẹ́ ẹsẹ̀, á máa gún ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ní gbogbo òru. Bí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, kò ní ni í lára. Ìwúwo ni yóò kàn máa fi kún ẹrù, tapólì tó máa bò ó á sì ní láti gùn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìwúwo náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹni kékeré ti ní àǹfààní tí àwọn òmìrán kò ní. Ẹ mú hámọ́ọ̀kì tó gùn ní mítà 3.35, tó fẹ̀ ní 1.75, tí wọ́n fi aṣọ gíráàmù 64 rán, ìyẹn ni pé mítà kan níbùú-lóròó aṣọ náà wọn gíráàmù 64. Aṣọ nìkan á wọn nǹkan bí 375, láìtíì ka okùn. Ẹ gé gígùn rẹ̀ wá sí 2.85, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn: 319. Gíráàmù 56 péré lẹ jèrè. Ẹ wá fi gígùn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ sí ti gíráàmù 34: 375 á já wálẹ̀ sí 199. Aṣọ ni èrè wà, kì í ṣe gígùn. Bí gígùn bá jẹ́ 2.85, tí ìbú jẹ́ 1.47, tí aṣọ sì jẹ́ gíráàmù 34, gbogbo rẹ̀ kò ju 142 lọ. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta omi píọ́wọ́tà kan.

Ẹni kílò 95 kò lè fi ọkàn balẹ̀ sùn sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. Á nà án, á rì sínú rẹ̀, aṣọ á sì ká a mọ́ra bí ẹ̀kọ inú ewé. Kílò 50 kò ní nà án tó bẹ́ẹ̀. Kódà aṣọ tó nípọn gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ lábẹ́ ẹni tó fúyẹ́. Á kàn le síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ra èyí tí wọ́n kọ kílò 60 tàbí 70 sí lára nítorí pé kílò 50 lẹ wọ̀n. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ni nọ́ńbà yẹn wà fún. Ẹni tó bá já ara rẹ̀ lu inú rẹ̀ gbì, ipá tó gbé bá aṣọ ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ dáadáa. Kílò 90 ni kí ó gbà, ó kéré tán.

Náílọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ wọ̀nyí. Mi ò sọ èyí tí wọ́n fi ń di ata fún yín lọ́jà o. Aṣọ híhun ni, tó ní ìlà onígun mẹ́rin kéékèèké. Òwú tó nípọn ló wà lójú ìlà wọ̀nyẹn kí ihò kékeré má baà di yíya ńlá. Ripstop ni wọ́n ń kọ sí i lára. Síbẹ̀ gíráàmù 34 kò fẹ́ ìwọ̀sí. Ìlẹ̀kẹ̀ irun, píìnì gèlè, yẹtí, kọ́kọ́rọ́ inú àpò sòkòtò, ìdè bẹ́líìtì: ẹ yọ gbogbo wọn kí ẹ tó jókòó. Ẹta iná kan láti inú ààrò tó láti lu ihò sí i. Oòrùn náà a máa jẹ náílọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ má fi í sórí igi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀.

Ní ti ìbú, mítà 1.4 sí 1.5 tó. Mítà 1.2 kò fún ìdábùú láyè. Ohun tí wọ́n kọ “double”, ìyẹn ti ẹni méjì, sí lára kì í ṣe fún ẹni kékeré, bó ti wù kí olùtajà yìn ín tó. Etí aṣọ tó ṣẹ́ kù á máa gbá ojú, á sì dí atẹ́gùn.

Okùn wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni gbogbo èrè tí a fi aṣọ jẹ ti máa ń wọmi. Okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n rán ojú pọ̀ sí lára bí àkàbà, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń tà mọ́ hámọ́ọ̀kì, lè wọn tó gíráàmù 300 ní méjèèjì. Ìlọ́po méjì hámọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀! Ó rọrùn lóòótọ́, ọmọdé lè so ó. Àmọ́ ẹni tó ń ka gíráàmù á lo okùn pẹlẹbẹ lásán tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, mítà 2 sí 2.5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí yóò yí igi ká, á wá fi okùn tínínrín tí wọ́n fi òwú líle tí à ń pè ní Dyneema ṣe kún un, èyí tí wọ́n hun padà sínú ara rẹ̀ kí ó lè máa gùn kí ó sì máa kúrú. Bí ó ti tínínrín tó mílímítà 2.8 yẹn, tuntun rẹ̀ gba nǹkan bí kílò 700 kí ó tó já. Òun gan-an kò gbọdọ̀ kan ara igi, nítorí á gé èèpo igi bí ọ̀bẹ. Okùn pẹlẹbẹ tó yí igi ká gbọ́dọ̀ jẹ́ pọ́lísítà, kó má ṣe jẹ́ náílọ́ọ̀nù. Náílọ́ọ̀nù a máa nà, pàápàá tó bá tutù, ìdí á sì ti kanlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí okùn ṣe dagun sí ló ń pinnu ipá tó wà lára rẹ̀. Bí okùn láti igi bá dagun wálẹ̀ ní dígírì 30, ẹni kílò 50 á gbé kílò 50 lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fà á le kí ó ku 15, ó di nǹkan bí 97. Ní 10, ó di 144. Ẹni tó bá ń fà á le kí ó lè tẹ́ bí bẹ́ẹ̀dì kàn ń wá ohun tó máa já ni, kò sì ní tẹ́ náà, nítorí aṣọ tó le kì í jẹ́ kéèyàn dábùú. Kí a má baà máa wọn igun káàkiri, okùn òkè kan wà tí a ń so láti orí kan hámọ́ọ̀kì dé orí rẹ̀ kejì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn aṣọ. Fún mítà 2.85, ó jẹ́ 2.37. Bí igi bá jìnnà, bí ó bá sún mọ́ra, aṣọ á rọ̀ bákan náà lójoojúmọ́. Tí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀, ẹ fi ìka méjì mú okùn yìí kí ẹ lọ́ ọ. Bí ó bá ṣeé lọ́ díẹ̀, ó dára. Bí ó bá ń dún bí okùn gìtá, ẹ tú okùn ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀.

Ní sáà tí wọ́n ń fi hámọ́ọ̀kì ru àwọn òyìnbó àti àwọn lọ́balọ́ba kiri ní etíkun wa àti ní Dahomey, ara ọ̀pá gbọọrọ kan ni wọ́n ń so orí méjèèjì mọ́. Ọ̀pá yẹn ni okùn òkè wa tòní. Kò sí bí àwọn tó ń rù ú ṣe sún mọ́ra tó, kò sí bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó, aṣọ kò yí padà.

Àwọn ìwé ìlànà máa ń ní ká so okùn mọ́ igi níbi tó ga ju orí lọ, láìbéèrè orí ta ni. Ẹ wo bó ṣe rí fún ẹni mítà 1.55. Bí ó bá jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ, nítorí náà kí ìjókòó wà ní sẹ̀ǹtímítà 40, kì í ṣe 45 tí wọ́n ń kọ fún gbogbo ayé. Aṣọ á rọ̀ tó 70 nísàlẹ̀ okùn òkè. Tí igi méjì bá jìnnà síra ní mítà 4, okùn á gun 47 sí i kí ó tó dé ara igi. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.57, ọwọ́ tó o láìnàgà. Tí igi bá jìnnà ní mítà 5, ó di 1.86, ẹni kékeré á máa fi orí ìka ẹsẹ̀ dúró, á so ó tì, okùn á yọ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, kí ó máa wá igi tí àlàfo wọn jẹ́ mítà 3.5 sí 4.2. Kí igi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ó jẹ́ ààyè, kí a sì gbójú sókè wò ó bóyá ẹ̀ka gbígbẹ kan há síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí apá ẹsẹ̀ ga ju apá orí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Òkè ara ló wúwo ju ẹsẹ̀ lọ, àárín ló sì máa ń fẹ́ rọ̀ sí. Bí méjèèjì bá dọ́gba, èèyàn á máa yọ̀ lọ sí apá ẹsẹ̀ títí ìdábùú á fi bàjẹ́.

Tapólì mítà 3 tó láti bo okùn òkè 2.37, ó sì ṣẹ́ kù sẹ̀ǹtímítà 30 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ so òwú kékeré kan mọ́ okùn níwájú hámọ́ọ̀kì kí ó máa rọ̀ dirodiro, kí omi òjò tó ń ṣàn lára okùn lè gba ibẹ̀ kán sílẹ̀.

Òtútù a máa gba abẹ́ wọlé. Àpò àtisùn tí ara tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ nínú mọ́, kò sì lè mú abẹ́ gbóná. Kúbùsù abẹ́ tí a ń so sí ìta aṣọ ni oògùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe kúrú, bíi mítà 1.3, kì í dé ẹsẹ̀ ẹni tó ga, ṣùgbọ́n ní ti ẹni mítà 1.55, ó bo ejìká dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ègé fóòmù tí a fi ń jókòó á gba ẹsẹ̀ tó kù.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí ilé, sí ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè tàbí ìtòsí omi Erin-Ìjẹ̀ṣà, lè fi kúbùsù abẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀fọn ni ìṣòro ibẹ̀. Àwọ̀n tó bo òkè nìkan kò tó, nítorí ẹ̀fọn á gba abẹ́ ki ẹnu bọ aṣọ gíráàmù 34, á sì mu ẹ̀jẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àwọ̀n tó yí gbogbo hámọ́ọ̀kì po ni kí ẹ lò, ìyẹn èyí tí a ń wọ̀ bí àpò, tí kò fara kan aṣọ nísàlẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi permethrin, oògùn apakòkòrò, fọ́n ìta aṣọ, ẹ sá a sí ibòji títí á fi gbẹ. Bí ológbò bá wà nílé, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọn kí ó tó gbẹ, torí permethrin tútù lè pa á.