Ẹ wádìí dráífà kí ẹ tó ná káàdì àwòrán

Iṣẹ́ fídíò òde ni mo ń ṣe ní Àkúrẹ́. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde, gbogbo rẹ̀ ni mò ń gé, orí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ni mo sì ti ń fi Kdenlive, ètò tí a fi ń gé fídíò, ṣe é. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó ku ọ̀la kí n kó fídíò ìsìnkú kan lé oníbàárà lọ́wọ́, mo tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mò ń gbọ́ fáànù tó ń yí, iná iwájú ń tàn, àmọ́ kò sí ohun tó yọ lójú síkírìn. Màmá tí a sin ọkọ wọn pè mí: "Ọmọ mi, ṣé ti bàbá yẹn ti jáde? Àwọn ọmọ tó ti Èkó wá ń padà lọ lọ́la o." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà." Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọ FUTA kan tó wá tẹ project rẹ̀ ló yọ mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣe update lánàá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n pa á, kí n tún un tàn, kí n tẹ Esc bó bá ti ń jí, kí n wọ Advanced options, kí n sì mú kernel (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) tó ṣáájú tuntun yìí. Kọ̀ǹpútà jí. Òru ọjọ́ náà ni mo parí iṣẹ́. Láti ìgbà yẹn, n kì í pa kernel àtijọ́ rẹ́ títí tuntun yóò fi bá mi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Káàdì àwòrán (graphics card), tó ń gbé àwòrán lọ sójú síkírìn, ló fà á. Orúkọ tó wà lára páálí àti 2GB tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i ni mo wò nígbà tí mò ń rà á. N kò béèrè chip tó wà nínú rẹ̀. Chip náà ti dàgbà ju orúkọ tí wọ́n fún un lọ, wọ́n sì ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lórí dráífà rẹ̀.

Dráífà ni ògbufọ̀ láàárín kernel àti káàdì. Lórí Linux, ọ̀nà méjì ló ń gbà wá. Ọ̀kan ń gbé inú kernel fúnra rẹ̀, àwọn tó ń tún kernel ṣe ló ń tún un ṣe pẹ̀lú, nítorí náà wọn kì í sábà ṣàìgbọ́ ara wọn. Èkejì ń ti ìta wá láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì. Gbogbo ìgbà tí kernel tuntun bá wọlé, DKMS, ètò kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní láti tún dráífà yẹn kọ́ kí ó lè bá a mu. Bí ilé iṣẹ́ bá ti pa á tì, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kernel yóò yí nǹkan padà nínú ara rẹ̀, tí kíkọ́ yẹn kò sì ní ṣeé ṣe mọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ Intel àti AMD wà ní ọ̀nà àkọ́kọ́. AMD ra ATI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì, ní 2006, ní 2007 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé nípa chip wọn síta fún àwọn tó ń kọ dráífà, dráífà amdgpu tí àwọn káàdì wọn ń lò lónìí sì wọ inú kernel 4.2 ní 2015. Mesa, ètò tí Brian Paul bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ló ń ṣe ìyókù iṣẹ́ àwòrán yíyà lórí rẹ̀. Ẹ ki káàdì bọ̀ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, ó parí. Dráífà Nvidia lágbára gan-an, àmọ́ ọ̀nà kejì ló ń gbà. Ní oṣù Karùn-ún 2022 wọ́n ṣí kóòdù apá tó ń wọ kernel sílẹ̀ fún chip Turing àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, bíi GTX 1650 àti àwọn RTX. Ní ti àwọn ìran chip àgbà bíi Fermi àti Kepler, dráífà 390 ni Fermi ń lò, ìtọ́jú rẹ̀ sì parí ní ìparí 2022; 470 ni ti Kepler. Nouveau, dráífà tí àwọn ará ìta kọ fún káàdì Nvidia, wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n láti GTX 900 dé GTX 10, káàdì kì í gba àṣẹ tí kò ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́, Nouveau kò sì lè mú un sáré.

Orúkọ ló ń dẹ páńpẹ́ fún ènìyàn jù. GT 730 kan wà tí chip rẹ̀ jẹ́ GF108, Fermi nìyẹn. GT 730 mìíràn jẹ́ GK208, Kepler sì ni. Orúkọ kan náà, dráífà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nítorí èyí ni fíláàṣì tí Ubuntu (irú Linux kan) wà lórí rẹ̀ kì í fi í kúrò lápò mi tí mo bá ń lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù òpópónà Ọba Adésídà. Mo máa ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki káàdì yìí bọ inú ẹ̀rọ kan, fíláàṣì mi la ó fi tan án." Ẹni tó bá kọ̀, mo dúpẹ́, mo lọ. Bó bá ti jí, mo tẹ lspci -nnk. Ibẹ̀ ni orúkọ chip gan-an wà, pẹ̀lú ìlà "Kernel driver in use" tó ń sọ dráífà tó gbé e. Lẹ́yìn náà mo wọ Settings, mo wo About. Bí mo bá rí llvmpipe níbẹ̀, CPU ló ń ya àwòrán, káàdì kò ṣe nǹkan kan.

Iná tún wà níbẹ̀. Iná tí ojú ihò PCIe, ibi tí a ń ki káàdì bọ̀, lè fún un kò ju 75W lọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó jáde láti ọ́fíìsì kò ní wáyà àfikún fún káàdì, àpótí wọn sì tín-ínrín, káàdì kúkúrú ló ń wọ̀ ọ́. Nínú àwọn káàdì AMD, RX 580 ń jẹ 185W, RX 550 ń jẹ 50W. Ẹni tí ínfátà ń bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yẹn. RX 550 ni mo ń lò báyìí, ó sì tó mi.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bi mí léèrè kò tilẹ̀ nílò káàdì. Bó bá jẹ́ ìwé títẹ̀ àti íntánẹ́ẹ̀tì ni, ti Intel tó wà nínú CPU tó, kí wọ́n fi owó náà ra RAM àti SSD.

Blender, ètò àwòrán 3D, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Láti Blender 3.0 ní 2021 ni wọ́n ti yọ OpenCL, ọ̀nà tí káàdì AMD ń gbà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kúrò nínú Cycles, apá tó ń ya àwòrán rẹ̀; àwọn RX 500 kò sì sí lára àwọn tí HIP, ọ̀nà tuntun AMD, ń gbà. Nvidia ni mo sọ fún àbúrò kan ní Ìjàpọ̀ pé kó rà, ó sì ra GTX 1650. Lẹ́yìn tó gbé dráífà sí i, tó tún ẹ̀rọ tàn, síkírìn aláwọ̀ búlúù kan yọ sí i, ó tẹ Continue boot, ló bá pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, káàdì yìí ti bàjẹ́." Kò bàjẹ́. Secure Boot, ààbò tó ń yẹ ohun tó fẹ́ wọlé wò nígbà tí ẹ̀rọ ń jí, ló ń béèrè pé kó fọwọ́ sí dráífà náà. A tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, a yan Enroll MOK (ìyẹn, gba kọ́kọ́rọ́ dráífà wọlé), a tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi sí i, àṣẹ nvidia-smi sì dárúkọ káàdì náà ketekete.