Ẹ̀bùn Ẹlẹ́bùn Tí Wọ́n Gbé Lé Mi Lọ́wọ́

Pásítọ̀ wa ní kálukú gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀bùn ẹ̀mí tiẹ̀ kó sì máa fi sin àwọn tó kù, ni wọ́n bá pín fọ́ọ̀mù fún wa, ìbéèrè lọ súà, ṣé o máa ń gbádùn kó o máa tu èèyàn nínú, ṣé ọkàn ẹ máa ń fà sí kíkọ́ni, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi ò le rárá. Pétérù sáà ti pín in sọ́nà méjì nínú lẹ́tà ẹ̀ àkọ́kọ́, orí 4, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́, apá kejì yẹn lèmi wà gbọin-gbọin. Ẹ ní kí n to àga, ẹ fún mi ní súkúrúdíráfà, ẹ má ṣáà gbé máìkì sún mọ́ mi.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé arákùnrin kan wà tá a jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, olórúkọ mi yìí sì lẹ́nu ju rédíò lọ. Ìgbani-níyànjú inú Róòmù 12:8 yẹn, Ọlọ́run bù ú fún un débi tó ń dà sílẹ̀. Ni akọ̀wé bá gbé fọ́ọ̀mù tèmi fún un, ó gbé tiẹ̀ fún mi. Ìgbà tí wọ́n lẹ lísìtì mọ́ ògiri ni mo rí i: èmi, ìbẹ̀wò aláìsàn àti ìgbani-níyànjú, olórúkọ mi, àga àti ìjókòó. Mo lọ bá akọ̀wé, ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń pín in bó ṣe wù ú, kí n yéé jiyàn. Ẹ̀mí Mímọ́ kọ́ ló tẹ lísìtì o, mo kàn dákẹ́ ni.

Sọ́ńdè dé. Olórúkọ mi ò lè fi èèyàn jókòó kó má gbà á níyànjú. Ó di màmá kan lọ́wọ́ mú, "Mọ́mì, Ọlọ́run ò tíì parí iṣẹ́ lára yín o," màmá ní àmín, wọ́n fẹ́ jókòó, ó ní "Ẹ dúró ná, èmi náà ò tíì parí." Ìlà ti gùn dé géètì, kọ́ọ̀yà ń kọ orin kan náà lákọtúnkọ, ìdajì àga ṣì wà níbi tí wọ́n kó wọn jọ sí.

Èmi náà ti dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tára wọn ò yá. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, ó tán. Mo wòkè, mo wolẹ̀, gbogbo ẹsẹ Bíbélì ti sá lórí mi, èyí tó kù ò ju "Jésù sọkún" lọ, ìyẹn ò sì jọ ohun téèyàn ń sọ fún aláìsàn. Mo bá ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn ń mì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ dáadáa, mo gbàdúrà ìlà kan, mo dìde. Bàbá ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Àwọn tó wá ṣáájú ẹ gbà mí níyànjú títí oorun fi gbé mi lọ, mo jí, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀."

Wọ́n ti tún lísìtì ṣe báyìí o. Àmọ́ bàbá pe Pásítọ̀ lórí fóònù pé àwọn mọrírì gbogbo wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ fi èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ti fẹ́ já bọ́. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nínú gbogbo ẹ̀bùn tí Pọ́ọ̀lù kà sílẹ̀, èwo lèyí? Mo ní ìrànlọ́wọ́ ni sà, 1 Kọ́ríńtì 12:28, àárín ìmúláradá àti àkóso ló wà. Olórúkọ mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní òun fẹ́ fi nǹkan kékeré kan kún un, ni èmi àti Pásítọ̀ bá rántí pé a níbi tí à ń lọ.