Eteetí Làpálàpá Ni Kí Ẹ Wò

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣèwádìí lórí àwọn àrùn tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fà, irú bíi làpálàpá, àmọ́ àṣìṣe kan tí mo ṣe nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Màmá kan wá sọ́dọ̀ wa, nǹkan róbótó kan ń yún wọn lẹ́yìn. Mo mú bíléèdì, mo rọra ha àárín rẹ̀, mo da ìpẹ́pẹ́ awọ tó bọ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, mo kán KOH, èròjà olómi tó ń yọ́ awọ, lé e, mo sì tì í sábẹ́ máíkírósíkóòpù lójú ẹsẹ̀. N kò rí nǹkan kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ohun tí mo kọ ni dókítà rí tó fi gbà pé ọṣẹ kan ni ara màmá kọ̀, ló bá fún wọn ní ìpara tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dì nínú.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ó ti gba ẹ̀yìn wọn dé èjìká. Wọ́n ní, "Dókítà, ọjọ́ kejì tí mo fi ra á ló dẹ́kun yíyún o. Mo ṣe bí ó ti san ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Pípọ́n àti yíyún tí à ń rí yẹn, ara ló ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà. Sítẹ́rọ́ọ̀dì a máa dá ara lọ́wọ́ kọ́. Ìjà á rọlẹ̀, a ó rò pé àrùn ti lọ, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì ráyè tàn. Nígbà mìíràn àmì róbótó yẹn gan-an á parẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n wò pàápàá kò ní dá a mọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ náà, eteetí tó wú sókè ni mo ha. Ibẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì pọ̀ sí, torí bó ṣe ń tàn ló ń sún síta, tí àárín ń jiná lẹ́yìn rẹ̀. Mo kán KOH, mo sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí ó lè yọ́ sẹ́ẹ̀lì awọ. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í tètè yọ́ nínú rẹ̀, nítorí kítíìnì wà nínú ògiri rẹ̀, irú èyí tó wà lára èèpo akàn. Mo dín iná máíkírósíkóòpù kù. Wọ́n wà níbẹ̀: òwú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń pẹ̀ka, tó ń gba orí sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ohunkóhun ra á. Bí ẹ bá sì ti fi nǹkan ra á, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ ha á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń lo nystatin sí làpálàpá. Oògùn gidi ni nystatin. Elizabeth Hazen àti Rachel Brown ló rí i ní 1950, nínú erùpẹ̀ oko kan ní Virginia, mo sì mọyì àwọn obìnrin méjèèjì gidigidi. Ṣùgbọ́n Candida, irú fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, ló wà fún. Kò ran làpálàpá. Clotrimazole tàbí terbinafine ni kí ẹ béèrè. Ẹ fi ra á kọjá eteetí rẹ̀ níwọ̀n ìbú ìka, kí ẹ sì máa lò ó lọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí awọ bá ti mọ́.

Ti orí àti ti èékánná yàtọ̀: ìpara kì í sábà dé ibi tó fara pamọ́ sí, oògùn gbígbé mì ló máa ń gbà. Ti èékánná ẹsẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sábà ń lo terbinafine, èékánná tuntun sì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hù tán. Ẹ má rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́.

Ní ti màmá, wọ́n jáwọ́ nínú sítẹ́rọ́ọ̀dì, nítorí bó ṣe tàn tó, oògùn gbígbé mì ni wọ́n fún wọn. Nígbà tí wọ́n lò ó tán tí ẹ̀yìn wọn ti mọ́, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n jẹ́ kí n tún ha á. Ibi mẹ́rin ni mo ha, gbogbo rẹ̀ ní ibi tí eteetí wà tẹ́lẹ̀. Mo dúró ìṣẹ́jú 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí.