Mo Gba Òdo: Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Ẹ̀yin ará mi, okun o! Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún.

Okun la fi ń kí ara wa ní Kàbà, àmọ́ lóṣù kejì ọdún yìí, orúnkún tèmi ò lókun rárá. Ibi ìsìnkú kan ni mo wà ní Mọ̀pà, wọ́n gbé àpótí fún mi jókòó. Nígbà tó yá kí n dìde, ìdí kọ̀, kò kúrò lórí àpótí. Obìnrin méjì ló fà mí lápá. Ọ̀kan ń sọ pé, "Màmá, ẹ rọra," àfi bí ẹni pé mo lè yára. Ẹni ọdún 66 ni mí o!

Mo mọ ohun tó fà á. Láti ìgbà tí oko jíjìn ti di ibi ẹ̀rù ni mo ti gbé ọkọ́ jù sílẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ sọ́jà, òun náà ló ń gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń rí òrùlé rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi ìdánwò kan hàn mí, èyí tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ń wo agbára ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, kí ẹ máa dìde, kí ẹ máa jókòó, fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Obìnrin ọdún 65 sí 69 tí dídìde rẹ̀ kò bá pé 11, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ nìyẹn. Ẹni tó bá fọwọ́ ti nǹkan kó tó dìde, òdo ni. Mo fọwọ́ ti àga. Èmi tíṣà tí mo fi ọdún 32 fún ọmọ ọlọ́mọ lódo!

A to ìrọ̀rí méjì sórí àga kó lè ga. Mo yọ ọ̀kan lóṣù kẹrin, mo yọ èkejì lóṣù kẹfà. Mo tún ń rìn, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí eré ìdárayá má dín ní 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Títì Ọbajana ni mo kọ́kọ́ ń gbà, títí tírélà síméǹtì kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gèlè lórí mi. Mo kó lọ sí pápá ilé ìwé. Tí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, mo máa ń di férémù ilẹ̀kùn mú, kí n fi ẹsẹ̀ kan dúró.

Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí pé ìrìn á jẹ orúnkún mi tán. Ọmọ mi ní rárá: egungun rírọ̀ tó wà nínú oríkèé ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, téèyàn bá sì ń lo ẹsẹ̀ lomi yẹn tó ń wọlé wọ̀ ọ́ dáadáa.

Lóṣù kẹjọ, ibà dé, òjò náà ò dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó tẹtẹrẹ. Mo ti dé 8 tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo padà sórí àga, 5 ni. Ó dùn mí ju ti àpótí Mọ̀pà lọ.

Lánàá, ọmọ ọmọ mi di fóònù mú, ó ń kà. Aago dún nígbà tí mo ń dìde lọ́wọ́. Ó ní, "Mẹ́wàá, Màmá àgbà." Mo ní mọ́kànlá ni, torí mo ti dìde kọjá ìdajì kó tó dún, òfin ìdánwò sì ní ká kà á. Ó ní mo ń ṣe èrú. A ò tíì parí ẹjọ́ náà bí mo ṣe ń kọ èyí.